Ìró Ẹ̀tù Nínú Àpáta Ìkẹ́rẹ́

Ẹni tí ó bá dúró ní ọ̀kánkán àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí ó sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, lè gbọ́ kí àpáta náà dá a lóhùn. Bí àlàfo àárín wọn bá jẹ́ mítà 170, ohùn yóò lọ, yóò sì padà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí ni a ń pè ní gbohùngbohùn. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni ó lọ tí ó bọ̀; ńṣe ni afẹ́fẹ́ ń ti ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn, bí àwọn èrò tí ó há mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà ti í ti ara wọn. Ìgbì tí ó ń ti nǹkan báyìí, lójú ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà, ni a óò pè ní ìgbì atọ̀nà.

Ìgbì kejì ni adábùú. Ẹ so okùn mọ́ igi, ẹ di ẹnu rẹ̀ kejì mú, ẹ jù ú sókè sódò. Ìgbì yóò sáré lọ sí ìdí igi, ṣùgbọ́n okùn kò kúrò lójú kan. Sókè sódò ni ó ń lọ, ní ìdábùú ọ̀nà náà. Afẹ́fẹ́ kò lè gbọ̀n bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò fa ara rẹ̀ mọ́ra bí okùn. Àpáta lè ṣe méjèèjì.

Ọ̀ràn tí ó mú wa sọ gbogbo èyí nìyí. Ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́, a ń fi ẹ̀tù fọ́ akọ òkúta fún iṣẹ́ ọ̀nà àti ilé kíkọ́. A kò lòdì sí i. Àwa náà ń rìn lójú ọ̀nà ọ̀dà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀tù bá bú, ìgbì méjèèjì ni ó ń jáde. Nínú akọ òkúta tí kò sán, atọ̀nà a máa sáré tó kìlómítà 5 sí 6 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, adábùú a sì máa sá nǹkan bí 3. Nínú àkọsílẹ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ ní Assam, ní Íńdíà, ní 1897, ni Richard Dixon Oldham ti dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Ìró inú afẹ́fẹ́ ni ó lọ́ra jù. Ilé tí ó wà ní kìlómítà kan sí ibẹ̀ lè ti gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì àti ààbọ̀ kí etí onílé tó gbọ́ ohunkóhun.

Ògiri mọ ẹrù gbé. Òrùlé tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kò ni í lára. Ohun tí kò fẹ́ ni kí a máa mì í sọ́tùn-ún sósì, iṣẹ́ adábùú sì nìyẹn, àti ti ìgbì ojú ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀lé e. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọ wá lóminú jù.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Kí a má yin gbogbo ẹ̀tù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí a pín in sí ihò púpọ̀, kí ọ̀kan bú kí èkejì tó tẹ̀lé e, bí àlàfo wọn tilẹ̀ kéré ju ìṣẹ́jú-àáyá lọ. A sì ń bẹ àwọn tí ó ń fọ́ òkúta kí wọ́n máa kéde ọjọ́ àti wákàtí fún ará àdúgbò. Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré, ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ẹ gbé abọ́ omi kan kalẹ̀ nínú kíláàsì, kí àwọn ọmọ máa wò ó. Bí ibi ìfọ́kúta náà kò bá jìnnà, omi yóò ti mì kí ìró tó dé.