Lẹ́ǹsì Kékeré fún Yàrá Tóóró: Ohun tí Ayàwòrán Agbègbè Ìbàdàn Nílò Lára Kámẹ́rà Ìgbàlódé

Iṣẹ́ fọ́tò ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà àti Ìjàyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, dé Lálúpọn ní Lágelú, Ẹ̀rúnmu ní Ẹgbẹ́dá, títí dé Àkànràn ní Ọ̀nà-Àrà, jẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń wáyé nínú ilé. Òótọ́ ni pé abẹ́ kánópì ni àlejò máa ń jókòó sí níbi ìkómọjáde, ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà, ṣùgbọ́n àwọn àwòrán tí ìdílé yóò gbé kọ́ sára ògiri, tí àwọn ọmọ yóò sì máa fi han ọmọ tiwọn, kì í sábàá jẹ́ ti abẹ́ kánópì. Ìyálọ́mọ tí ó gbé ìkókó dání lórí ibùsùn, bàbá tí ó ń wúre fún ọmọ rẹ̀ obìnrin kí ó tó jáde nílé, àwọn ọmọ olóògbé tí wọ́n tò sí pálọ̀ bàbá wọn, inú yàrá ni a ti ń ya gbogbo ìwọ̀nyí, níbi tí fèrèsé ti kéré, tí ààyè kò gbòòrò, tí iná mọ̀nàmọ́ná kò sì dájú. Ipò yìí ni ó yẹ kí ó pinnu irú lẹ́ǹsì tí ayàwòrán yóò kọ́kọ́ ná owó lé lórí, pàápàá nísinsìnyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi kámẹ́rà àtijọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń ra èyí tí a mọ̀ sí mirrorless.

Kámẹ́rà mirrorless yàtọ̀ sí DSLR tí ó ṣáájú rẹ̀ ní ti pé dígí kékeré tí ó wà nínú DSLR, tí ó ń darí ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí ayàwòrán ń yọjú sí, tí ó sì máa ń fò sókè nígbà tí a bá tẹ kámẹ́rà, kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba inú lẹ́ǹsì wọlé ń bọ́ tààrà sórí sensor, èyí tí í ṣe pátákó pẹlẹbẹ tí ó rọ́pò fíìmù, orí ojú-ìwòran kékeré ni ayàwòrán sì ti ń rí ohun tí ó fẹ́ yà. Ilé-iṣẹ́ Panasonic ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 2008, Sony fi sensor tí ó tóbi tó ojú fíìmù àtijọ́, ìyẹn mìlímítà 36 ní ìbú àti 24 ní òró, sínú tirẹ̀ ní 2013, Canon àti Nikon sì tẹ̀ lé e ní 2018. Nígbà tí dígí yìí kúrò lọ́nà, ó ṣeé ṣe láti mú lẹ́ǹsì súnmọ́ sensor: ohun tí ó jẹ́ mìlímítà 44 lára Canon àtijọ́ di 20, èyí tí ó sì jẹ́ 46.5 lára Nikon di 16. Àǹfààní yìí ni àwọn tí ń ṣe lẹ́ǹsì lò láti ṣe àwọn kan tí ó kéré, tí ó fúyẹ́, tí ó sì mú ojú dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ńláńlá olówó gọbọi ni wọ́n máa ń polówó jù.

Nínú àwọn lẹ́ǹsì kékeré wọ̀nyí, prime ni ó pọ̀ jù. Zoom ni lẹ́ǹsì tí a lè fi ọwọ́ yí kí ohun tí ó jìnnà lè súnmọ́ tàbí kí ohun tí ó súnmọ́ lè sún sẹ́yìn. Prime kò ní irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni ó ń rí nígbà gbogbo, ẹsẹ̀ ni ayàwòrán yóò sì fi sún mọ́ ẹni tí ó ń yà tàbí kí ó fi fà sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá rò pé àdínkù ni èyí jẹ́ yóò ṣe dáadáa bí ó bá rántí pé prime ni wọ́n fi ya èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn fọ́tò aláwọ̀ dúdú-òun-funfun tí ó wà nínú álíbọ́ọ̀mù àwọn ìdílé ilẹ̀ Yorùbá. Leica tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní 1925 kò ní ju lẹ́ǹsì mìlímítà 50 kan lọ. Yashica olójú méjì, tí ayàwòrán ń bojú wò láti òkè, kò ní zoom. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí a bí ní 1930, tí ayé sì mọ̀ nítorí àwọn àwòrán irun dídì tí ó bẹ̀rẹ̀ sí yà ní 1968, fi kámẹ́rà Brownie bẹ̀rẹ̀; Ìbàdàn ni ó sì ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò ní ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ìròyìn ní 1954, kí ó tó di ayàwòrán ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ ní 1961. Ọdún 1959 ni zoom àkọ́kọ́ fún irú kámẹ́rà báwọ̀nyí jáde láti ọwọ́ Voigtländer ní Jámánì. Zoom ni àlejò nínú iṣẹ́ yìí, prime ni onílé.

Èrè àkọ́kọ́ tí ó wà nínú prime ni ìmọ́lẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lára lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan tí lẹ́tà f ṣáájú rẹ̀, bíi f/1.8 tàbí f/5.6, òun ni ó ń sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ti fẹ̀ tó, bí nọ́ńbà náà bá sì ṣe ń kéré sí i ni ihò náà ń fẹ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá ṣí fèrèsé onípákó gbayawu dípò kí a kàn ṣí i díẹ̀. Zoom kékeré tí ó máa ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí kì í sábàá kọjá f/5.6 nígbà tí a bá fà á dé òpin, ọ̀pọ̀ prime kéékèèké sì dé f/1.8, èyí tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú pálọ̀ tí f/1.8 ti lè ya àwòrán láàárín ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá, nǹkan bí ìdá kan nínú 25 ni f/5.6 yóò gbà, ọwọ́ ẹni tí ó ń jó yóò sì ti kúrò níbi tí ó wà kí kámẹ́rà tó parí iṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ń dá kámẹ́rà dúró kí ó má gbọ̀n, tí àwọn olùtajà máa ń fi yangàn, kò wúlò fún èyí, nítorí ọwọ́ ayàwòrán ni ó ń dá dúró, kì í ṣe ẹsẹ̀ oníjó. Bí a bá sì fi agbára kámẹ́rà mú kí àwòrán mọ́lẹ̀, ibi tí ó ṣókùnkùn nínú àwòrán ni yóò kọ́kọ́ máa ṣe hóró-hóró, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọ̀ ara wa àti àdìrẹ aláró máa ń bọ́ sí.

A lè sọ pé kí wọ́n lo iná fíláàṣì. Fíláàṣì wúlò, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò wúlò. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá bọ́ sójú ènìyàn tààrà máa ń mú kí iwájú orí dán, ó sì máa ń ju òjìji dúdú sára ògiri ẹ̀yìn. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò máa ń kọjú rẹ̀ sí síìlì funfun kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè padà wá jẹ́jẹ́, ọ̀nà yìí kò sì ṣeé gbà nínú ilé tí kò ní síìlì rárá, tí páànù àti igi òrùlé nìkan wà lókè.

Ọ̀rọ̀ ààyè ni ó le jù, ibẹ̀ sì ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣòfò. Nọ́ńbà mìlímítà tí a kọ sára lẹ́ǹsì, bíi 24, 35 tàbí 50, ni ó ń sọ bí ìríran rẹ̀ ti gbòòrò tó: bí ó bá kéré, ó ń rí ibi tí ó fẹ̀, bí ó bá pọ̀, ibi tóóró ni ó ń rí. Lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 ni ó sábàá dínwó jù, nítorí náà òun ni wọ́n máa ń gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti rà. Kí a wá mú ayàwòrán tí ó fi ẹ̀yìn ti ògiri pálọ̀ kan, tí àwọn tí ó ń yà sì wà ní mítà mẹ́ta sí i. Lórí kámẹ́rà tí sensor rẹ̀ tóbi tó ojú fíìmù, lẹ́ǹsì 35mm yóò rí ibi tí ó fẹ̀ ní mítà 3.1, èyí tí ó gba ènìyàn mẹ́fà bí a bá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìdajì mítà. 50mm yóò rí mítà 2.2, ènìyàn mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí apá ayàwòrán ká ní sensor kékeré tí wọ́n ń pè ní APS-C, tí ìbú rẹ̀ kò ju mìlímítà 22 sí 24 lọ. Bí 50mm bá wà lórí APS-C ti Canon, mítà 1.3 péré ni yóò rí, ìyẹn ọkọ àti ìyàwó, kò sí ààyè fún ìyá ọkọ mọ́. Ayàwòrán yóò fẹ́ fà sẹ́yìn, ògiri kò sì ní jẹ́ kí ó fà.

Nítorí náà, 35mm ni ó bá yàrá agbègbè yìí mu fún sensor ńlá, 23mm tàbí 24mm sì ni fún APS-C, tí yóò rí nǹkan bí mítà 2.8 sí 3.1 láti ibi kan náà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré lọ sí 16mm lórí sensor ńlá nítorí àtirí gbogbo yàrá, torí ojú ẹni tí ó bá dúró sí etí máa ń fẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàlagbà tí ó wọ agbádá rẹ̀ kò sì tọ́ sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ ya ojú ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú 35mm, kí a má ṣe sún mọ́ ọn jù. Àsúnmọ́jù ni ó ń mú kí imú tóbi, mítà kan àti ààbọ̀ sì tó.

Ní ti ìwúwo, àwọn nọ́ńbà ń sọ̀rọ̀ fún ara wọn. Zoom Canon RF 24-70mm f/2.8 wọn gíráàmù 900, RF 50mm f/1.8 wọn 160, RF 28mm f/2.8 sì wọn 120. Sony FE 35mm f/1.8 jẹ́ 280, Nikon Z 40mm f/2 jẹ́ 170. Nínú àwọn ti APS-C, Nikon 24mm f/1.7 wọn 135, Fujifilm 23mm f/2 wọn 180, Fujifilm 27mm f/2.8 kò sì ju 84 lọ. Ẹni tí yóò gun ọ̀kadà láti Ìyànà Ọ̀fà wọ inú abúlé lọ, tí báàgì rẹ̀ wà láyà, tí yóò sì dúró láti òwúrọ̀ títí tí wọ́n yóò fi ká kánópì, mọ ohun tí àfikún gíráàmù 700 ń ṣe fún ọrùn. Kámẹ́rà kékeré kì í sì í dẹ́rù ba arúgbó tàbí ọmọdé bíi ti lẹ́ǹsì gbọ̀ọ̀rọ̀. Ojú wọn máa ń balẹ̀, èyí kò sì ṣeé fi owó rà. Canon RF 35mm f/1.8 wúwo díẹ̀, gíráàmù 305, ṣùgbọ́n ó lè ya ohun tí ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 17 péré sí sensor, nítorí náà ó dára fún ẹni tí ó tún ń ya ewé ẹ̀gẹ́ tí àrùn mú tàbí orí kòkó fún àwọn àgbẹ̀ àti olùkọ́ wọn.

Fífẹ̀ ihò lẹ́ǹsì ní ewu tirẹ̀. Nígbà tí 50mm bá wà ní f/1.8 lórí sensor ńlá, tí ẹni tí a ń yà sì wà ní mítà méjì, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 17 péré ni yóò hàn kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó dára fún ojú ìyàwó nìkan, kò dára fún ẹbí tí ó tò ní ìlà méjì. Fún irú ẹbí bẹ́ẹ̀, kí a gbé 35mm dé f/4, kí a sì dúró ní mítà mẹ́ta. Ohun tí ó ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ yóò hàn kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sì sí ẹ̀gbọ́n tí yóò bínú pé ojú òun ṣú.

Ẹni tí yóò ra tòkunbọ̀ ní láti ṣọ́ra. Kí ó tan iná tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn lẹ́ǹsì, kí ó wò ó bóyá ohun kan tí ó rí bí okùn aláǹtakùn wà nínú rẹ̀, nítorí èbu ni, ọ̀rinrin àkókò òjò ni ó sì máa ń bí i. Ẹni tí ó ní lẹ́ǹsì DSLR nílé lè fi irin àsopọ̀ tí wọ́n ń pè ní adapter lò ó: Canon EF 50mm f/1.8 STM yóò ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kámẹ́rà mirrorless Canon. Ti Nikon yàtọ̀. Adapter FTZ tí Nikon ṣe kò ní ẹ̀rọ tí ó lè yí àwọn lẹ́ǹsì AF-D àtijọ́, nítorí náà 50mm f/1.8D tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ayàwòrán yóò di èyí tí a ń fi ọwọ́ yí kí ojú rẹ̀ tó mú.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ eruku. Nítorí pé dígí kò sí níwájú sensor mọ́, eruku ọyẹ́ àti ti ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí máa ń rí i bà lé lórí nígbàkígbà tí a bá yọ lẹ́ǹsì níta, àmì dúdú rẹ̀ sì lè hàn lójú ọ̀run nínú ọ̀pọ̀ àwòrán. Èyí ni ìdí tí ó fi dára kí a yan ẹyọ prime kan tí yóò máa wà lórí kámẹ́rà láti ìbẹ̀rẹ̀ òde dé òpin, dípò mẹ́ta tí a óò máa pààrọ̀. Níbi ọdún egúngún, tàbí níbi tí wọn kò ti jẹ́ kí ayàwòrán sún mọ́ pẹpẹ ìjọ, zoom gígùn ni yóò ṣe é, kí ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ.

Kí ẹni tí ó fẹ́ ra prime àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣí àwọn àwòrán òde tí ó ti yà sẹ́yìn lórí kọ̀ǹpútà, kí ó wo nọ́ńbà mìlímítà tí kámẹ́rà kọ sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tí oníbàárà yàn pé kí ó tẹ̀; nọ́ńbà tí ó bá jẹyọ jù ni kí ó rà. Kí ó sì gbé kámẹ́rà tirẹ̀ lọ sí ìsọ̀, kí ó wọ ibi tí ó ṣókùnkùn jù nínú ìsọ̀ náà, kí ó ya ẹni mẹ́rin tí ó tò síbẹ̀, kí ó tó ka owó.