Bí A Ti Ṣe Lè Mọ Òtútù àti Afẹ́fẹ́ Ọyẹ́ Ṣáájú

Ọyẹ́, gẹ́gẹ́ bí òjò, kì í bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n kì í dé láìrán ìránṣẹ́ ṣáájú. Ó yẹ kí àgbẹ̀ àti olùra irè oko mọ ìránṣẹ́ náà, kí ọjà wọn má bàa bàjẹ́ láàrin oṣù kọkànlá ọdún àti oṣù kẹta ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ọyẹ́ kì í fẹ́ bákan náà lójoojúmọ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù láti Yúróòpù bá la òkun Mẹditaréníà kọjá sí Àríwá Áfíríkà, a máa wúwo lórí aṣálẹ̀ Sàhárà, a sì ya wá sí ìhà gúúsù. Ní ilẹ̀ Chad, ó ń gba àlàfo tí ó wà láàrin òkè Tibesti àti òkè Ennedi, a sì gbé eruku dìde ní Bodélé, tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún ayé àtijọ́. Ní nǹkan bí ọjọ́ kan, eruku náà lè dé àríwá Nàìjíríà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ sí i, ó lè dé etíkun. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ìròyìn eruku láti Màídúgùrì nínú ìkéde NiMet, ẹ múra sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní láti wo ilẹ̀ tirẹ̀. Bí eruku bá bo ojú ọ̀run, oòrùn ọ̀sán kì í mú púpọ̀, òru kì í sì í tutù jù, nítorí eruku dàbí ìbora fún ilẹ̀. Bí òru bá mọ́ kedere, òtútù ìdájí a mú gidigidi: ní Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì, ó lè dé nǹkan bí dìgírì 10, kí ọ̀sán ọjọ́ kan náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 30. Àfonífojì a máa tutù ju ẹ̀gbẹ́ òkè lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tútù ń ṣàn wálẹ̀ bí omi.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọyẹ́ ti lọ nítorí pé ìdájí parọ́rọ́. Lóru, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ti òkè ń sáré. Nígbà tí oòrùn bá mú ilẹ̀ gbóná, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, ti òkè a sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó dáná sun pàǹtírí oko ní ìdájí, afẹ́fẹ́ yìí lè gbé ẹyin iná rẹ̀ sínú oko ẹlòmíràn.

Ní ti kòkó, omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 8 nínú 100 lọ. Bí ó bá kéré sí 6, a máa fọ́ wẹ́wẹ́. Ọyẹ́ líle lè gbẹ èèpo rẹ̀ kí inú tó gbẹ, kíkan rẹ̀ a sì há sínú. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ tẹ́ ẹ nípọn díẹ̀, kí ẹ sì máa yí i léraléra.

Ewu kò tán nígbà tí ọyẹ́ bá fà sẹ́yìn. Ní ìhà gúúsù, afẹ́fẹ́ òkun a padà pẹ̀lú ọ̀rinrin, kòkó gbígbẹ a tún fa omi mu, a sì bu. Àmì rẹ̀ ni pé ètè kì í là mọ́, aṣọ kì í tètè gbẹ, ìrì a sì tún sẹ̀ sórí koríko. Ní ọjọ́ náà, ẹ kó kòkó wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ to àpò sórí pákó, kí ó má kan ògiri. Ẹ̀yin olùrà, ẹ tún yẹ gbígbẹ rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó.

Ẹ fi ìwé kékeré kan sí ilé ìkẹ́rù. Láràárọ̀, ẹ kọ ibi tí èéfín ń fẹ́ sí, bóyá ìrì sẹ̀, àti ibi tí ojú lè ríran dé. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ìwé náà yóò sọ ohun tí rédíò kò lè sọ nípa abúlé yín.