Nígbà tí Ọmọ Ajá Bá Ń Pààrọ̀ Eyín

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, gbogbo wa ni a mọ iṣẹ́ tí ajá ń ṣe fún wa. Òun ni ó ń ṣọ́ ilé adìyẹ ní òru, òun ni ó ń lé ọ̀yà kúrò nínú oko gbágùúdá, òun náà ni ó ń dúró ti ọkọ̀ àti àwọ̀n àwọn apẹja wa létí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ìgbà kan ń bẹ tí ọmọ ajá máa ń sú ẹni tí ó ni ín. A máa gé bàtà jẹ, a máa fa àwọ̀n ya, a sì máa bu àwọn ọmọdé jẹ ní ọwọ́ àti ní ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn a nà án, àwọn mìíràn a sì lé e jáde. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Eyín ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu.

BÍ EYÍN ṢE Ń YỌ

Láìní eyín ni a ń bí ọmọ ajá. Nígbà tí ó bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 ni eyín àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Gbogbo wọn jẹ́ 28. Wọ́n kéré, wọ́n sì mú bí abẹ́rẹ́. Láti nǹkan bí oṣù 3 sí 4 ni wọ́n máa ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí eyín àgbà, tí í ṣe 42, yóò sì máa rọ́pò wọn títí di nǹkan bí oṣù 7. Ní àkókò yìí, erìgì a máa dun ọmọ ajá, a sì máa wá ohun tí yóò rún lẹ́nu kiri. Bí ẹ bá rí eyín kékeré nílẹ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ohun tí ó ń rún, ẹ má fòyà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ mú àkísà tí ó mọ́, tí ó sì nípọn, ẹ so ó ní kókó, ẹ rì í sínú omi tútù, kí ẹ sì fún un. Òtútù náà yóò mú kí ìrora erìgì rọlẹ̀. Bí àkísà náà bá bẹ̀rẹ̀ sí fà ya, ẹ gbà á, kí ó má bàa gbé e mì.

Bí ó bá gé yín ní ọwọ́ nígbà eré, ẹ má ṣe nà án. Ẹ dá eré dúró, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì fún un ní àkísà rẹ̀. Gbogbo ará ilé ni kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni a ti ń pa ẹ̀kàn ìrókò; bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ má ṣe fún un ní egungun adìyẹ tí a ti sè, nítorí a máa fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún un nínú. Ẹ má ṣe fún un ní gbágùúdá tútù tàbí èèpo rẹ̀, nítorí májèlé ń bẹ nínú wọn. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí tí ènìyàn ń lò. Ẹ gbé ìgò oògùn kòkòrò, oògùn eku àti àpò ajílẹ̀ sí ibi tí ẹnu rẹ̀ kò lè dé. Ẹ má sì fi ọwọ́ fa eyín rẹ̀ yọ. Bí eyín àkọ́kọ́ bá ṣì dúró ti eyín titun lẹ́yìn oṣù 7, ẹ mú un lọ bá dókítà ẹran.

ABẸ́RẸ́ DÌGBÒLUGI

Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Oṣù 3 tí eyín ń múra àtipààrọ̀ náà ni ó yẹ kí ọmọ ajá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Kí ó sì tún máa gbà á ní ọdọọdún, tàbí bí dókítà ẹran bá ti wí. Nínú itọ́ ajá tí ó ní àrùn yìí ni àrùn náà ń gbé, ọmọ ajá pẹ̀lú sì lè ní in. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń ti ọwọ́ rẹ̀ kú lọ́dọọdún. Nínú ènìyàn 10, nǹkan bí 4 jẹ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 15. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí olúwarẹ̀ tó yè. Ṣùgbọ́n bí a bá tètè gba abẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí ajá bá bu ni jẹ, a lè bọ́. Ní 1885 ni Louis Pasteur kọ́kọ́ fún ọmọdékùnrin kan ní ilẹ̀ Faransé, Joseph Meister, ní irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ náà kò sì kú.

Ẹ fi ìyàtọ̀ sí i. Ọmọ ajá tí ó ń pààrọ̀ eyín a máa ṣeré, a máa jẹun, a sì máa dáhùn bí a bá pè é. Èyí tí dìgbòlugi ń ṣe lè máa da itọ́ ṣùúrùṣù, kí ohùn rẹ̀ yí padà, kí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, kí ó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí kí ó máa gé igi àti òkúta jẹ. Àwọn ẹlòmíràn a rò pé egungun ni ó há a ní ọ̀fun, wọn a sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má ṣe é láéláé! Ẹ jìnnà sí i, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹran.

Bí eyín ajá bá bẹ́ ènìyàn lára, ì báà jẹ́ ti ọmọ ajá, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe fi epo, ata tàbí àgbo sí i.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸGBẸ́

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ iye ọmọ ajá tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú oṣù tí a bí wọn. Kí ẹgbẹ́ dá ọjọ́ kan pẹ̀lú dókítà ẹran, kí a sì kó gbogbo wọn jọ sí ojú kan. Inú òtútù ni kí abẹ́rẹ́ náà wà títí a ó fi lò ó. Bí oòrùn bá pa á, agbára rẹ̀ a lọ.

Ọmọ ajá tí a fi sùúrù tọ́, tí a sì fún ní abẹ́rẹ́ ní àkókò, ni yóò ṣọ́ oko yín láìpa ọmọ yín lára.