Ohun tí ó ń mú kí báàfù han gooro
Ní Soclogbo, láàárín àwọn òkè Dassa-Zoumè, bí èrò bá pé síbi ìsìnkú, báàfù lè ṣàdéédéé han gooro, kí ọ̀rọ̀ àgbà sì sọnù. Ọ̀pọ̀ a máa dá míkírò lẹ́bi, ṣùgbọ́n kò ṣẹ̀. Ohùn tí ó ti jáde nínú báàfù ni ó tún padà wọ míkírò. Ámpílì, ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn di ńlá, tún sọ ọ́ di ńlá sí i. Ó jáde, ó tún wọlé, títí ó fi di igbe.

Ẹ gbé báàfù sí iwájú ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kí ó kọjú sí èrò. Kí míkírò sún mọ́ ẹnu. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ bo orí rẹ̀. Ńṣe ni igbe náà yóò pọ̀ sí i.

Síbẹ̀, ìpadàbọ̀ kan wà tí ó ṣàǹfààní. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1927, Harold Black, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, wà nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní New York. Ámpílì tẹlifóònù ìgbà náà a máa ba ohùn jẹ́. Ó ronú pé kí a dá díẹ̀ padà nínú ohun tí ó jáde, kí a yí i sódì, kí a fi kó ámpílì níjàánu. Agbára yóò dín kù, ohùn yóò sì mọ́. Orí ìwé ìròyìn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ya àwòrán náà sí.