Ìtúsílẹ̀ Èdè Java

Èdè tí ọmọ ènìyàn ń sọ kò ní olówó. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè ní kí Yorùbá má pa òwe mọ́ àfi bí ó bá kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ni ó dá púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀ tí ó sì di ẹ̀tọ́ wọn mú.

James Gosling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems, ní ìpínlẹ̀ California, ni wọ́n ṣe èdè Java, tí Sun gbé jáde ní ọdún 1995. Ètò tí a bá fi Java kọ lẹ́ẹ̀kan lè ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ, nítorí pé èdè agbedeméjì kan ni wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ sí, ògbufọ̀ tí ó wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò sì máa gbọ́ ọ. Ògbufọ̀ yìí gan-an ni àríyànjiyàn dá lé. Sun kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ lò ó sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fàyè gbà á láti tún un ṣe kí ó sì pín àtúnṣe náà bí ó ti wù ú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọ̀fẹ́ àti òmìnira, èyí sì ń dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀ láàrin àwọn tí ń sọ ọ́. Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀: Java jẹ́ ọ̀fẹ́, kò ní òmìnira. Ní ọdún 2004, Richard Stallman pè é ní pàkúté, nítorí pé ètò tí ẹnì kan kọ tí ó sì yọ̀ǹda fún gbogbo ayé kò lè dá dúró láìsí ògbufọ̀ tí kò sí lómìnira.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2006, Sun kéde pé òun yóò tú Java sílẹ̀ lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL. Ìwé yìí gba gbogbo ènìyàn láàyè láti ka àkọsílẹ̀ ètò, láti yí i padà àti láti pín in. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pín àtúnṣe gbọ́dọ̀ fún ẹni tí ó gbà á ní òmìnira kan náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ náà jáde pẹ̀lú orúkọ OpenJDK. Ihò wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn ẹlòmíràn ni ó ni díẹ̀ lára àwọn apá tí ń ya lẹ́tà sójú ẹ̀rọ àti èyí tí ń mú ohùn jáde. Ilé-iṣẹ́ Red Hat bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ IcedTea ní ọdún náà láti dí àwọn ihò wọ̀nyí.

Sun kò tú orúkọ náà sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè tún èdè náà ṣe. Kò lè máa pe iṣẹ́ rẹ̀ ní Java láìgba àṣẹ.

Oracle ra Sun ní ọdún 2010, ó sì pe Google lẹ́jọ́ ní ọdún kan náà. Google kò lo OpenJDK fún Android nígbà náà. Ó kọ iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó da nǹkan bí ìlà 11,500 kọ láti inú Java, èyí tí ó ní orúkọ àwọn iṣẹ́ inú rẹ̀ àti bí a ṣe ń pè wọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dá Google láre, adájọ́ 6 sí 2, pé ìlò náà tọ́ lábẹ́ òfin. Wọn kò dáhùn ìbéèrè bóyá irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ohun-ìní ẹnì kan.