Láti Bọ́ládé dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó: Ẹ wá wo ibi tí Òṣòdì gbé

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní Bọ́ládé, ariwo "Òṣòdì òkè!" ni àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ máa ń pa títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Èrò tó ń gbọ́ orúkọ yìí lójoojúmọ́ kò lóǹkà, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni kò pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí onítọ̀hún gbé, àfi kó wọ ọkọ̀ Ọbáléńdé, kó gba orí afárá Third Mainland, kó sì lọ fẹsẹ̀ rìn láàárín Èkó àtijọ́. Ọjọ́ Àìkú ló dára jù, nítorí èrò ọjà Ìdúmọ̀tà kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ilé wò lọ́jọ́ iṣẹ́.

Òṣòdì Tápà lorúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Tápà ni, ṣùgbọ́n Èkó ló ti di ènìyàn ńlá, tó sì di balógun fún Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó ní oṣù Kejìlá, ọdún 1851, tí Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, Òṣòdì bá ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ọdún 1862 ni wọ́n tó padà, lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú ti fọwọ́ síwèé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1861. Ibi tí àwọn tó ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ wọ̀nyí tẹ̀dó sí, tí wọ́n pín sí agbolé 21, ni à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dòní. Ní 1868 ni Òṣòdì kú, òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn àgbà kò ní gbàgbé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó náà, nítorí ibẹ̀ ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ lọ́jọ́ 11, oṣù Kẹfà, ọdún 1994.

Ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ni Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì padà wálé pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lọ́wọ́. Ní òpópónà Kakawa ni Ilé Omi wà, èyí tí João Esan da Rocha kọ́ ní 1885, tí àwọn ará àdúgbò ti máa ń ra omi kànga. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, wà ní òpópónà Martins. Ẹni tó bá rẹ̀ lè jókòó ní Freedom Park, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí wọ́n ti ti Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́lé rí. Láti 2010 ló ti di ibi ìgbafẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dé ìta Tínúbú, kò ní rí Ilojo Bar mọ́. Ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ, ìdílé Ọláìyá sì rà á ní 1933. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, tó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wó o. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, katakata wó o palẹ̀. Ìwé ìjọba ọgọ́ta ọdún kò gbà á sílẹ̀. Ká sòótọ́, ìwé kì í tún òrùlé ṣe. Ilé tó ń jò lórí ilẹ̀ tó wọ́n bí ojú ni, ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé alájà púpọ̀ síbẹ̀ kò sì jìnnà.

Àwọn Potogí ló sọ Èkó ní Lagos. Ní Lisbon, olú ìlú tiwọn, àlejò ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti rìn ní àwọn ọ̀nà tóóró àdúgbò Alfama, kí wọ́n lè wo ilé àtijọ́. Ará Bọ́ládé kò nílò ju owó ọkọ̀ lọ láti rí tirẹ̀, ìyẹn bó bá tètè lọ.

Nírọ̀lẹ́, ní CMS, kò ní pẹ́ gbọ́ orúkọ bàbá náà padà: "Òṣòdì, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!"