Ṣé O Mọ̀ Pé Ará Etí Omi Ni Ọ́, Ìwọ Ará Onípáànù?

Bi ará Onípáànù pé níbo ló ń gbé. Yóò sọ fún ọ pé Fadeyi wà lápá kan, Palmgrove wà lápá kejì, títì Ìkòròdú ló sì gba àárín kọjá. Kò ní dárúkọ omi. Lójú tiwa, àwọn ará Erékùṣù ló ni òkun, àwa ló ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí pé àgbàyanu tó wà lẹ́yìnkùlé wa pọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé tó o bá gba Ṣómólú kọjá sí Bàríga, tó o sì ń lọ ṣáá, kò ní pẹ́ tó o fi máa débi tí ilẹ̀ parí sí? Ìlàjẹ ni wọ́n ń pe àdúgbò náà, orúkọ àwọn apẹja tí orírun wọn wà létíkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀sà Èkó ló tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ yẹn. Gígùn rẹ̀ ju 50 kìlómítà lọ, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó kìlómítà 13 níbòmíràn. Orúkọ tí àwọn Pọtogí fi sílẹ̀ fún ìlú wa gan-an, Lagos, adágún omi ló túmọ̀ sí lédè wọn. Àwọn baba wa kò tiẹ̀ da omi méjèèjì pọ̀ rárá: Olókun ló ni òkun, Ọlọ́sà ló ni ọ̀sà, ilẹ̀ yanrìn tóóró ló sì wà láàárín wọn.

Ṣé o mọ̀ pé omi ọ̀sà yìí kì í dúró sójú kan? Lásìkò òjò, odò Ògùn àtàwọn odò mìíràn máa ń da omi dídùn sínú rẹ̀ débi pé iyọ̀ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò á fà, òkun á tipasẹ̀ ẹnu èbúté wọlé, omi á tún di oníyọ̀. O lè rí i láti inú dáńfó lórí afárá, láìtọ́ omi wò. Ewéko tútù tó máa ń bo ojú omi bí ẹní, tí àwọn kan ń pè ní òṣíbàtà, àlejò ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ọdún 1984 ló sì gba ojú omi Àgbádárìgì wọ Nàìjíríà. Kò lè fara da iyọ̀. Mo bi ìyá kan tó ń to ẹja sórí ààrò ní Ìlàjẹ pé ibo ni gbogbo ewé náà gbà lọ. Kò gbójú sókè. "Iyọ̀ ti wọlé, ọmọ mi," ló fi dá mi lóhùn.

Ẹja kan sì wà níbẹ̀ tó ń rìn lórí ilẹ̀. Lọ sí etí ọ̀sà nígbà tí omi bá fà, bóyá lẹ́yìn Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà, kó o dúró jẹ́ẹ́. Wàá rí ẹja kéékèèké tí ojú wọn yọ sókè lórí bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, tí wọ́n ń fi lẹ́bẹ́ wọ́ ara wọn lórí ẹrẹ̀, tí wọ́n ń fò pì. Awọ ara wọn àti ẹnu wọn ni wọ́n fi ń gba afẹ́fẹ́ sára nígbà tí wọn ò bá sí nínú omi. Kò pọn dandan kó jìn kéèyàn tó rí ohun ìyanu.

Ṣùgbọ́n àwọn awayanrìn ló jọ mí lójú jù. Ṣé o mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí yanrìn tó wà nínú blọ́ọ̀kù ilé tó ò ń gbé ti ìsàlẹ̀ ọ̀sà wá, kó sì jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ló kó o? Ọkọ̀ pákó ni wọ́n ń wà jáde. Àwọn àpò ìrẹsì àti tapólì tí wọ́n rán pọ̀ ni ìgbòkun wọn, tó o bá sì rí i lókèèrè ní ìrọ̀lẹ́, wàá rò pé ẹyẹ ńlá ló na apá. Ọkùnrin kan á di ọ̀pá mú, á sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ omi pẹ̀lú garawa. Omi á pa dé. Èmi tí mo dúró létí omi ni mò ń di èémí mú, kò kúkú sí ẹni tó rán mi. Nígbà tó bá yọ, ojú rẹ̀ á ti pọ́n, omi á máa ṣàn jáde látinú garawa, ẹnì kejì á gbà á, á da yanrìn náà sínú ọkọ̀. Yóò tún padà sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa ṣe títí etí ọkọ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, tí ẹnì kan á máa fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí gbọ́n omi dà nù kí gbogbo ẹ̀ má baà rì. Iṣẹ́ yẹn le. Ẹni tó bá ń ná owó yanrìn, kó rántí ojú pípọ́n yẹn.

Afárá Third Mainland tó gba orí ọ̀sà yìí kọjá, tí wọ́n ṣí tán lọ́dún 1990, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 11.8, ló gùn jù ní Áfíríkà títí di ọdún 1996, kó tó di pé ti ìlú Cairo gba ipò náà. Ìgbà mìíràn tó o bá ń gbà á kọjá, wo ojú omi dáadáa. Àwọn igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lóbìrípo tó o máa rí, ẹgẹ́ ni. Àwọn Ẹ̀gùn ń pè é ní akaja. Ẹja á rò pé ilé lòun rí láàárín ẹ̀ka igi, á máa jẹ, á máa bímọ níbẹ̀, títí ọjọ́ tí apẹja á fi àwọ̀n yí gbogbo rẹ̀ ká.

Tó o bá fẹ́ rí òkun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bọ́ọ̀sì kan péré ni. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008 ni BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, 22 kìlómítà, ó sì ń dúró ní Onípáànù. Bọ́ sílẹ̀ ní CMS, kó o wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí etíkun Tarkwa Bay, torí ojú títì kò dé ibẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àfọwọ́dá ni Tarkwa Bay? Láyé àtijọ́, òkìtì yanrìn tó wà lẹ́nu èbúté Èkó kì í jẹ́ kí ọkọ̀ òkun ńlá wọlé. Òkìtì yẹn ni Òyìnbó ń pè ní "bar", tí Bar Beach fi gba orúkọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìjọba amúnisìn to òkúta ńláńlá wọ inú òkun láti ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀. Ọ̀nà ṣí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀ oòrùn ni ìgbì ti ń kó yanrìn lọ sí ìlà oòrùn létíkun wa, òkúta yẹn sì dá yanrìn dúró. Etíkun apá ìwọ̀ oòrùn ń sanra, Bar Beach ní apá kejì ń rù, òkun sì jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wọlé ju kìlómítà kan lọ. Lórí ibi tí omi gbé lọ yẹn ni wọ́n ti ń da yanrìn kọ́ Eko Atlantic lónìí. Ẹni tó bá ya fọ́tò ní Bar Beach lọ́dún 1985, kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Ìjàpá òkun náà ṣì ń wá yé ẹyin sínú yanrìn etíkun Èkó lóru. Yanrìn ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa jẹ́: tó bá gbóná, abo ló máa pọ̀ jù, tó bá tutù díẹ̀, akọ ni. Tó o bá ṣalábàápàdé ọ̀kan, jọ̀wọ́, pa iná fóònù rẹ, má sì kó ẹyin rẹ̀.

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, nítorí náà gbọ́ eléyìí kó o tó kó àwọn ọmọ lọ. Tó o bá dé etíkun tó kọjú sí agbami, tó o rí ibì kan láàárín ìgbì tó dà bíi pé ó rọlẹ̀, tí ìgbì kò ti ń fọ́, má wọ ibẹ̀. Ojú ọ̀nà tí omi ń gbà padà sí agbami ni, ó sì máa ń gbé òmùwẹ̀ lọ. Bó bá gbé ọ, má bá a jà, má sì kọjú sí ilẹ̀. Fẹ̀gbẹ́ wẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú etíkun, títí wàá fi bọ́ nínú rẹ̀, kó o tó yíjú sí ilẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kó o sì de okùn rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó ṣíná.